Jí, Gbà, Kó: Orúkọ Tí Ó Tọ́ sí Ohun Òrìṣà Tí A Mú Kúrò Nílé



Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, ó há àpò ìrẹsì kan mọ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì tú àpò náà. Ọpọ́n Ifá ni ó wà nínú rẹ̀. Ọpọ́n àtijọ́ ni. Igi rẹ̀ ti dúdú, ojú Èṣù tí wọ́n gbẹ́ sí òkè rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ọwọ́ tó ti ń kàn án láti ìran dé ìran. Ọmọ náà ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sì kọ ìwé kékeré kan tí yóò jẹ́rìí pé ọpọ́n awo gidi ni, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á ń bẹ ní Èkó, kò sì fẹ́ ra ayédèrú.

Mo bi í pé, “Ọmọ mi, báwo ni ọpọ́n yìí ṣe dé ọwọ́ rẹ?”

Ó dáhùn pé, “Bàbá, mo mú un nílé bàbá wa àgbà ni.”

Mo mú un. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti kéré tó. Mú kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì dá ẹnikẹ́ni láre. A ń mú ọmọ lọ́wọ́, a ń mú igi dání, a sì ń mú olè pàápàá. Mo sọ fún ọmọ náà pé n kò ní kọ ìwé kankan àfi tí ó bá lọ pe àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ wá kí a jọ jókòó. Ó ní kò burú, ó di àpò rẹ̀, ó sì jáde. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, n kò tíì fojú kàn án mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ni ó gbé mi dé ìdí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Nínú odù Ìkàfún, Ifá sọ ìtàn àwọn àgbà tí wọ́n ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn yóò gbó, tí àwọn yóò tọ́, gẹ́gẹ́ bí Olódùmarè ti ṣèlérí fún wọn. Ifá kìlọ̀ ohun púpọ̀ fún wọn. Wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni wọ́n pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní òun kọ́. Ìkìlọ̀ tí wọn kò gbà ni. Bí wọ́n ti kọ́ mi ní odù yìí, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ dá lórí pípe ohun kan ní orúkọ ohun mìíràn. Ìkìlọ̀ mìíràn sì wà níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó. Fún ọdún púpọ̀, mo rò pé ìkìlọ̀ méjèèjì yìí jìnnà síra wọn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohun olóhun, orúkọ ohun tó ń ṣe ni yóò kọ́kọ́ yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí a mú láìtọ́.

Ti jí ni a kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó bá jí nǹkan, ó fi ara pamọ́ ṣe é. Òru ni, tàbí ẹ̀yìn olóhun. Jíjí ń bá ìtìjú rìn. Òwe tó ní olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ún, orí èyí ni ó dúró: ohun tí a jí kò ṣeé lò ní gbangba, nítorí ohùn rẹ̀ ni yóò tú àṣírí olè. Àtúnṣe jíjí kò sì ṣòro láti mọ̀. Kí olè dá ohun náà padà, kí ojú sì tì í.

Gbà ní ojú méjì. A ń gba àlejò, a ń gba ẹ̀bùn, a sì ń gba ẹni tó ń rì sínú omi là. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ipá kún un, ó di ìfipágbà. Gbígbà irú èyí kì í sá fún ojú. Olóhun wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Agbára láti di ohun rẹ̀ mú ni kò ní. Arúgbó rí ẹni tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí yóò fi lé e ni kò sí.

Kó yàtọ̀ sí méjèèjì. A kì í kó abẹ́rẹ́ kan. A máa ń mú un ni. Ohun púpọ̀ ni a ń kó: a ń kó ẹrù, a ń kó iṣu jọ, a ń kó kúrò nínú ilé. Olè tó ń fọ́ ilé onílé ni à ń pè ní kólékólé, bí ẹni pé odidi ilé ni ó rù lọ. Bí kó bá sì pàdé ogun, ó di ìkógun. Ẹnì kan kò lè dá kó ìlú. Ó gba ọmọ ogun, ó gba aláàárù, ó sì gba ẹni tí yóò ra ohun tí wọ́n kó. Ohun tí àwọn bàbá wa fi ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ni ìràpadà: ẹbí yóò sa owó jọ, wọn yóò sì lọ ra ènìyàn wọn padà lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o. Ẹ wo ìkorò tó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó ní nǹkan ni ó tún ń sanwó.

Rẹ́jẹ jẹ́ ti ọjà àti ti ìpín. Wọ́n dín òṣùwọ̀n kù, tàbí wọ́n fi ìmọ̀ bo ojú ẹni tí kò mọ̀. Gbẹ́sẹ̀ lé jẹ́ ti aláṣẹ: ọba gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ilé, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì gbọ́dọ̀ wá ẹjọ́ lọ.

Ó wá ku rà. Rà kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè rárá, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó kù máa ń yá bora. Ohun tí a bá rà lọ́nà tó tọ́, ẹjọ́ ti parí lórí rẹ̀. Olóhun ti gba owó, ó sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó jí, ẹni tó fipá gbà àti ẹni tó kó fi máa ń sọ pé rírà ni àwọn rà á.

Níbi tí mo dé yìí, ẹ má jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní kíkó. Àwa náà kó ara wa. Ní 1821, ogun wọ Òṣogùn, ó sì kó tọmọdé tàgbà. Ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí wà lára wọn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ní 1843, Àjàyí yìí kan náà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ẹni tó kó ọ̀rọ̀ wa jọ sínú ìwé láyé ìgbà náà, ẹni tí ogun kó ni. Bí mo bá ń rántí èyí, mi ò lè ka kó sí ọ̀rọ̀ lásán mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó àwọn awo wa dé Kúbà. Ìtàn àwọn awo ibẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé Adéṣínà, tí wọ́n sọ ní Remigio Herrera lóko ẹrú, tó gbé ní Regla létí Havana, tó sì kú ní 1905. Wọ́n kó òun. Ifá tó wà ní ikùn rẹ̀ ni wọn kò rí kó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ìlú Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Abomey. Kò ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn èyí tí àwọn ọmọ ogun Faransé, tí Ọ̀gágun Dodds ṣáájú wọn, fi wọ Abomey fúnra rẹ̀ ní 1892, tí wọ́n sì kó ohun ọ̀ṣọ́ ààfin lọ. Láti Faransé, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú àwọn ohun náà padà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 2021. Mi ò sọ èyí láti fi àwọn ará Dàhòmì ṣẹ̀sín. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé kíkó kì í dúró sójú kan. Ọwọ́ tó kó lónìí, wọ́n lè kó tirẹ̀ lọ́la.

Ti Ìbíní ni ayé ń sọ jù. Ìtàn Ifẹ̀ àti ti Ìbíní so pọ̀ nípasẹ̀ Ọ̀rànmíyàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa. Ní oṣù Kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun idẹ, eyín erin àti igi gbígbẹ́ kúrò ní ààfin àti ojúbọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ta lára rẹ̀ láti fi dí owó tí wọ́n ná lórí ogun náà. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń sọ pé wọ́n jí ohun Ìbíní. Inú tí wọ́n fi ń sọ ọ́ dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kéré sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Olè tó jí kàkàkí ọba kò níbi tí yóò ti fọn ún. Àwọn wọ̀nyí fọn ún ní gbangba. Wọ́n gbé e sínú àpótí dígí ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Berlin, wọ́n tan iná sí i, wọ́n sì ní kí ará ayé wá wò ó. Ojú kò tì wọ́n, nítorí wọn kò ka ara wọn sí ẹni tó jí nǹkan. Ìkógun ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ìkógun. Bí a bá ní jíjí ni, a óò máa dúró de ìtìjú tí kò ní dé. Bí a bá ní kíkó ni, a óò mọ̀ pé odidi ìjọba ni ó ṣe é, ìjọba ni ó sì yẹ kó tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ báyìí: ní 2022, ìjọba Jámánì fọwọ́ sí ìwé ìdápadà pẹ̀lú ìjọba Nàìjíríà, ní 2025, Netherlands dá ohun 119 padà.

Ní ti Ifẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ní òpin 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó ń wá ohun àtijọ́ kiri, ó sì dé igbó Olókun, níbi tí ó ti rí orí idẹ tó lókìkí náà. Ó sanwó fún un, ó sì ní òun ti rà á. Àwọn ará Ifẹ̀ kò gbà. Wọ́n fi ẹjọ́ sùn títí ó fi dé etí aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní Ifẹ̀, wọ́n sì mú kí Frobenius dá orí Olókun padà. Síbẹ̀, àwọn ère amọ̀ kan bá a dé Jámánì. Nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn náà, ó ní ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kọ́ ni irú iṣẹ́ báyìí ti wá. Ó ní ìlú kan tó rì sínú òkun, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Atlantis, ni ó ti ṣẹ̀. Mo ka èyí sí gbígbà kejì. Ó fẹ́ gba ère lọ́wọ́ wa, ó sì fẹ́ gba agbẹ́gilére àti alágbẹ̀dẹ tó ṣe é lọ́wọ́ wa.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó kó Ìbíní ní 1897 ni ó dá Frobenius lẹ́bi kí ọdún mẹ́rìnlá tó pé. Wọ́n mọ̀ pé ohun òrìṣà kì í ṣe ọjà nígbà tí ẹlòmíràn ń rà á. Ìkejì, owó tí Frobenius san kò sọ ohun tó ṣe di rírà. Ohun Olókun kì í ṣe ti ẹnì kan tó lè nawọ́ gba owó lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ni ín kò lè tà á, ẹni tó sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò rà á.

Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ifẹ̀, orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá jáde láti inú ilẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń rà ti dé. Ọ̀kan nínú rẹ̀ dé British Museum ní 1939, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Méjì wà lọ́wọ́ William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa wa nígbà náà, ẹni tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1969. Òun náà lè dúró lórí ọ̀rọ̀ rà, kó sọ pé òun ti sanwó. Ṣùgbọ́n ní 1950, ó dá orí méjèèjì padà sí Nàìjíríà. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Ó fi hàn pé ẹni tó bá mọ̀ pé orúkọ tí òun fi pe nǹkan kò tọ́ ṣì lè yí i padà nígbà tí ó wà láàyè.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo fún ìhà kejì pẹ̀lú. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Láti Allada, tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ni ó ti lọ, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí Christoph Weickmann tẹ̀ ní 1659 nípa àwọn ohun tó kó jọ. Kò sí ọpọ́n Ifá mìíràn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní pe èyí ní jíjí, mi ò sì ní pè é ní kíkó, nítorí ọba lè fi ọpọ́n ta àlejò lọ́rẹ. Ìkìlọ̀ Ìkàfún de àwa náà. Ẹni tó bá ń pe ẹ̀bùn ní olè nítorí pé inú ń bí i, òun náà ti pe ohun kan ní orúkọ ohun mìíràn.

Ó ti tó àkókò tí mo gbọ́dọ̀ sọ ti ara mi, nítorí mi ò lè jókòó sí ibí yìí kí n máa dá Lọ́ńdọ̀nù àti Berlin lẹ́jọ́ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí ní 1978. Mo ti wà lọ́dọ̀ olúwo mi fún ọdún mẹ́jọ nígbà náà, mo ń gbá ilé, mo ń pọn omi, mo ń kọ́ Ifá. Bàbá ní ọpọ́n méjì. Èyí tó ń lò lójoojúmọ́ wà nílẹ̀. Èyí tó jogún lọ́wọ́ olúwo tirẹ̀ wà lórí àjà, kí ikán má baà jẹ ẹ́, èéfín iná sì ti mú kí ó dúdú kirikiri. Ọdún ọdún ni a ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Jíjó kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, níbi tí fìtílà ti kàn án kí wọ́n tó bí mi.

Bàbá lọ sí ìlú kejì láti tẹ ọmọ kan nífá. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wọlé. Mọ́tò kan dúró dè é ní títì. Ó gun àkàbà lọ sórí àjà, ó sì pè mí pé, “Àbúrò, dúró nísàlẹ̀ kí o bá mi gbà á.” Mo dúró. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Mo gba ọpọ́n náà, mo fi aṣọ wé e, mo sì bá a gbé e dé ìdí mọ́tò. Ó fún mi ní náírà márùn-ún. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ Bàbá ni, ohun bàbá rẹ̀ ni, kí ni ó kàn mí?

Ẹ̀yin náà mọ òwe tó ń bọ̀. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, mo tilẹ̀ ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn. N kò mọ̀ pé èmi ni yóò wá dúró nísàlẹ̀ àjà.

Nígbà tí Bàbá dé, ó gbé ojú sókè, ó rí i pé àyè ọpọ́n ṣófo. Ó bi mí. Mo ní, “Bàbá, wọ́n mú un lọ.”

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ni wọ́n?”

N kò lè dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ihò kan wà nínú èdè wa tí ẹni tó mú ohun olóhun lè sá wọ̀. Bí Yorùbá kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, wọ́n ni a máa ń sọ. Wọ́n jí i. Wọ́n kó o. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo lè wà nínú wọ́n, odidi ìjọba lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀, bí èmi ti wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta ni mo kúnlẹ̀ jẹ́wọ́, tí mo sì fi náírà márùn-ún náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò lù mí, kò lé mi. Ó ní kí n gbé owó náà tọ agbẹ́gilére lọ, kí n sì máa bá a roko títí òjò ọdún náà yóò fi lọ, kí ó fi bá wa gbẹ́ ọpọ́n mìíràn. Mo ro oko náà. Ọpọ́n tuntun náà ni Bàbá gbé sórí àjà, kò sì dárúkọ ti àtijọ́ sí mi létí mọ́. Ọmọ rẹ̀ ní kò sí ohun tí òun jí, òun ta ohun tó jẹ́ tòun ni. Bàbá fún un lésì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ọpọ́n náà kì í ṣe tòun alára, áńbọ̀sì tí ọmọ òun. Ó wà lọ́wọ́ òun fún ẹni tí ń bọ̀ ni. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ìwé tí wọ́n ya ère àti ọpọ́n wa sí, ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. N kò tíì rí ibi jíjó náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé òfin wà. Lóòótọ́, òfin wà. Ìjọba ṣe òfin lórí ohun àtijọ́ ní 1953, òmíràn sì jáde ní 1979, tó kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kó ohun àtijọ́ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin ń dúró ní ibodè àti ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Kò lè dúró ní ìsàlẹ̀ àjà olúkúlùkù. Ibẹ̀ ni àwa ń dúró, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a bá yàn láti fi pe ohun tí ọwọ́ wa ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá gbé ohun òrìṣà wá síwájú yín, kí ẹ tó bèèrè iye owó rẹ̀, ẹ bèèrè ọ̀nà tí ó gbà kúrò nílé. Bí ẹni tó gbé e wá bá ní òun mú un, ẹ ní kó sọ ọ̀rọ̀ tó tọ́. Bí ó bá ní wọ́n fún òun, ẹ bi í bí olúwo mi ti bi mí. Ẹni tó ra ohun tí kò yẹ kó rà lè ṣe bí Bascom ti ṣe. Àwa tí a sì ń pariwo pé kí àwọn òyìnbó dá ohun wa padà, ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé wa pẹ̀lú, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó wà lọ́hùn-ún, ọmọ ilé ni ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ilé ni ó sì gbà á nísàlẹ̀. Èyí kò dín ẹ̀bi wọn kù. Ó kàn fi tiwa hàn ni.

Bí ọmọ tó gbé àpò ìrẹsì wá bá ń ka èyí, kí ó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀, inú kò sì bí mi sí i. Mo ti wà ní irú ọjọ́ orí rẹ̀ rí, mo sì mọ bí owó ti ń dùn mọ́ni lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbé ọpọ́n náà bọ̀, ọmọ mi, kí o sì mú àwọn bàbá rẹ dání. Ìwé tí o ní kí n kọ, n óò kọ ọ́. Orúkọ ilé tó ni ọpọ́n náà ni n óò kọ sínú rẹ̀.

Kí Ọ̀rúnmìlà Ẹlẹ́rìí Ìpín má ṣe jẹ́ kí a sọ ohun ìran nù. Kí ohun tó ti jáde nílé mọ ọ̀nà ilé. Kí ẹnu wa máa pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀.

Àbọrú, àbọyè, àbọ ṣíṣẹ.